Ìràwọ̀ Kẹrin Lára Àsíá Kòmórò

Bí ẹ bá rí àsíá orílẹ̀-èdè Kòmórò, ẹ ka ìràwọ̀ ara rẹ̀. Mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n erékùṣù mẹ́ta péré ni ìjọba tó wà ní Moroni ń ṣàkóso. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló bi mí pé níbo ni ìkẹrin wà.

Láàárín Mòsáńbíìkì àti Madagásíkà ni àwọn erékùṣù náà wà, iná abẹ́ ilẹ̀ ló sì gbé wọn yọ láti ìsàlẹ̀ òkun. Ngazidja ló tóbi jù. Iná inú òkè Karthala, tó ga ní mítà 2361, kò tíì kú níbẹ̀. Mwali ló kéré jù. Ní Ndzuwani, wọ́n ń fún òróró òdòdó ilang-ilang fún àwọn tí ń ṣe lọ́fínńdà. Ìkẹrin ni Mayotte.

Mayotte yìí ni Faransé kọ́kọ́ gbà, ní 1841, lọ́wọ́ Andriantsoly, ọba tó ti Madagásíkà wá, tí wọ́n sì ṣèlérí owó ọdọọdún fún. Ọdún 1886 ni wọ́n tó na ọwọ́ sí àwọn mẹ́ta yòókù. Dzaoudzi, ní Mayotte, ni olú ìlú nígbà náà. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Moroni, inú bí àwọn ará Mayotte. Àwọn obìnrin wọn a yí aláṣẹ tó bá ti Moroni dé ká, wọ́n a máa fi ìka họ ọ́ níhà, títí ẹ̀rín tí kì í ṣe ti ayọ̀ yóò fi lé e padà. Ìjà òṣèlú tó pa ni lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1974, wọ́n dìbò. Nínú ìbò 100, ó lé ní 90 tó fẹ́ òmìnira. Ní Mayotte nìkan, nǹkan bí 64 nínú 100 ló kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ka ìbò tán ni ilé aṣòfin Faransé wá ní kí erékùṣù kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí òfin ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Moroni kò dúró: ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1975, ó kéde òmìnira. Mayotte kò bá a lọ. Èmi kò dá àwọn ará Mayotte lẹ́bi pé wọ́n yan ohun tó wù wọ́n. Ẹni tó yí òfin eré padà nígbà tí eré ti parí ni mo bá wí.

Títí di 1995, ará Ndzuwani lè wọkọ̀ ojú omi lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Mayotte. Láti ìgbà náà, físà ni. Àwa ará Kétu mọ ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889, tí Ìmẹ̀kọ fi bọ́ sí òdìkejì. Síbẹ̀, a ń kọjá lọ sìnkú, a ń kọjá lọ gbéyàwó, ẹnikẹ́ni kò bi wá ní físà. Àwọn tí kò rí físà gbà ní Ndzuwani ń wọ ọkọ̀ apẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní kwassa-kwassa, lóru, lórí omi tó tó nǹkan bí kìlómítà 70. Ọ̀pọ̀ ló ti bá omi lọ.

Ní 2011, Mayotte di département Faransé. Owó euro ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin ṣì wà lára àsíá Kòmórò.