Ìtọ̀ Wa Mọ Ohun Tí Ẹnu Wa Kò Sọ

Nígbà tí mo ń gbé Morris Walk Estate ní Woolwich, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó o, ẹ̀gbọ́n kan wà lókè wa. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun ń dìde tọ̀ lóru. Agbo ló ń mu sí i. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ prostate ti wọ egungun.

Ọ̀rọ̀ yẹn padà sí mi lọ́kàn ní November 2025, nígbà tí UK National Screening Committee gbé àbá wọn jáde. Wọ́n ní àwọn kò tíì lè dábàá pé kí ìjọba máa pe ọkùnrin dúdú fún àyẹ̀wò prostate, torí ẹ̀rí lórí wa kò tó. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú 4 ọkùnrin dúdú ni àìsàn yìí ń mú nílùú yìí. Nínú gbogbo ọkùnrin lápapọ̀, ọ̀kan nínú 8 ni.

Ẹ gbọ́ ná. Ìgbà gbogbo ni sẹ́ẹ̀lì ara wa ń tú àwọn àpò wẹ́wẹ́ jáde. Èyí tí wọ́n ń pè ní exosome kò ju nanomita 30 sí 150 lọ, bẹ́ẹ̀ nanomita mílíọ̀nù kan ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Pàǹtí ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n ní 2004, Pisitkun, Knepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé wọ́n wà nínú ìtọ̀ ènìyàn, pé láti kíndìnrín títí dé àpò ìtọ̀ ni wọ́n ti ń wá, wọ́n sì gbé purotéènì ibi tí wọ́n ti wá dání. Prostate náà ń ju tirẹ̀ síbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi ní àyẹ̀wò ExoDx. Ìtọ̀ lásán ni, kò sí abẹ́rẹ́, dókítà kò sì ní ti ìka bọ ẹnikẹ́ni nídìí. Wọ́n ń wá RNA PCA3 àti ERG nínú àwọn àpò yẹn, fún ọkùnrin tó ti lé ní 50 tí PSA rẹ̀ wà láàárín 2 sí 10. Kì í sọ pé jẹjẹrẹ wà tàbí kò sí o. Bí èyí tó burú ṣe lè wà níbẹ̀ tó ló ń sọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ wò. Kì í ṣe ohun tí GP wa níbí ń fúnni. PSA inú ẹ̀jẹ̀ ni tiwọn.

Èrò tèmi rèé: àyẹ̀wò yòówù kó dé lọ́la, bí ara tiwa kò bá sí nínú ìwádìí, "ẹ̀rí kò tó" náà ni wọn yóò tún wí. Ìwádìí TRANSFORM ti Prostate Cancer UK, tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù £42, ní ó kéré tán, ọ̀kan nínú 10 àwọn tí àwọn máa pè yóò jẹ́ ọkùnrin dúdú. A kì í fi ara ẹni sílẹ̀ fún un. Ìwé GP ni wọ́n fi ń pe ènìyàn. Àwa tí wọ́n kó kúrò ní Morris Walk ńkọ́? Ẹni tí kò tíì fún GP ní àdírẹ́sì tuntun, ibo ni lẹ́tà yóò ti bá a?

Ẹ má dúró de ìtọ̀ òru kí ẹ tó lọ, torí jẹjẹrẹ yìí kì í sábà fi àmì hàn níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti pé 50 lè béèrè PSA lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa dúdú, láti 45 ni ká ti lọ bá GP sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ bá wa tì wọ́n lọ jàre. Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí t'ọlọ́jọ́ ṣe.