Ìkòkò Ọbẹ̀ Nínú Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ O'Meals dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, ikùn ọmọ nìkan kọ́ ló yó. Àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n gbà láti máa se oúnjẹ náà. Ẹyin, adìẹ, ẹja àti ẹ̀fọ́ sì di ọjà tí àgbẹ̀ ìtòsí lè tà. Ẹni tí kò tẹ ọgbà ilé-ìwé mọ́ láti ìgbà tó ti jáde ìwé mẹ́fà wá rí ohun tó ń gbé e débẹ̀.

Kí ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ń pe òbí? Owó ni. Bí kì í bá ṣe owó, a jẹ́ pé ọmọ ti ṣẹ̀. Ta ni yóò fi ìdùnnú jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀?

Ìpè sídìí ìkòkò yàtọ̀. Òótọ́ ni pé bí owó ìjọba fún oúnjẹ náà bá pẹ́ kó tó jáde, ìkòkò á tutù, gbèsè á sì wọ alásè lọ́rùn. Síbẹ̀, ìyá tó ń bu ìrẹsì fún ọmọ aládùúgbò rẹ̀ lójoojúmọ́ á tètè mọ èyí tí kò wá, á sì yà nílé wọn lálẹ́. Olùkọ́ tó ń wọkọ̀ láti ìlú mìíràn wá, níbo ló ti fẹ́ ráyè ìyẹn? Ó yẹ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́.