A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Òkun Tí Ìjọba Fẹ́ Pín

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbọ, ṣùgbọ́n ó kan ibi tí a ń gbé ẹbọ lọ.

Ní ọdún 2017, níbi àpérò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí òkun ní New York, ìjọba Bùràsíìlì ṣèlérí pé títí di ọdún 2030, òun yóò ti ṣe ètò tí yóò fi hàn ohun tí a lè ṣe ní apá kọ̀ọ̀kan òkun wa. Planejamento Espacial Marinho ni wọ́n ń pè é. CIRM ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1974, tí olórí ológun ojú omi ń darí. Wọ́n pín etíkun sí mẹ́rin. Apá Gúúsù ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n apá tiwa, Nordeste, náà wà nínú rẹ̀.

Èmi kò lòdì sí ètò náà. Ẹ wo Baía de Todos os Santos tó wà níwájú wa. Ọkọ̀ òkun ń lọ sí èbúté Salvador àti ti Aratu. Ilé-iṣẹ́ tí ń fọ epo rọ̀bì ti wà létí omi ní Mataripe láti ọdún 1950. Àwọn apẹja ń da àwọ̀n, àwọn obìnrin ń ṣa ìṣáwùrú nínú ẹrẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, òfin tún jáde tó fàyè gba ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná lójú òkun. Ọjà tí kò ní ìyálọ́jà, ẹni tó lágbára jù ni í gba ojú rere níbẹ̀. Òkun náà nílò ìyálọ́jà.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kí wọ́n pín ọjà náà láìpè wá. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2019, epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí etíkun wa, títí ó fi dé ìpínlẹ̀ 11. Apẹja àti ará àdúgbò ló fi ọwọ́ ara wọn kó o. Ẹja tí epo kò tilẹ̀ kàn, àwọn èèyàn kò rà á mọ́. Ẹni tí ìyà òkun kọ́kọ́ ń jẹ ni wọ́n máa ń pè kẹ́yìn.

Ní kíláàsì mi, mo ní kí àwọn ọmọ ya àwòrán omi wa. Púpọ̀ nínú wọn ya ọkọ̀ ńlá. Ọmọ kan, tí ìyá rẹ̀ ń ṣa ìṣáwùrú, ya òkúta kan àti obìnrin kan tó kúnlẹ̀. Ó ní, “Ibi tí ìyá mi àgbà ti ń kí Yemọja nìyí.” Mo bi ara mi pé: ta ni yóò ya òkúta yẹn sínú àwòrán ìjọba?

Nílẹ̀ Yorùbá, odò Ògùn ni Yemọja. Àwọn baba àti ìyá wa tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ ẹrú ló mú un dé ojú òkun níhìn-ín. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn apẹja Rio Vermelho ti ń gbé ẹ̀bùn lọ fún un lójú agbami ní ọjọ́ kejì oṣù kejì. Òfin pàápàá mọ̀ wá: àṣẹ ìjọba 6.040 ti ọdún 2007 sọ pé ilẹ̀ àti omi tí àwọn ará ìbílẹ̀ ń lò wà fún ẹ̀sìn àti ìrántí àwọn baba ńlá wọn pẹ̀lú, kì í ṣe fún oúnjẹ nìkan. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìjókòó tiwa níbi ìpàdé, pẹ̀lú àwọn apẹja àti àwọn obìnrin inú ẹrẹ̀. Ibi tí kò bá sí nínú àwòrán lónìí, lọ́la wọn yóò ní a ya wọ ilé onílé.

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé awo ni, a kì í fi ojúbọ han ọ̀gbẹ̀rì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a lè sọ pé agbègbè yìí jẹ́ mímọ́, láìsọ òkúta tó jẹ́ ojúbọ gan-an.

Kí a tó lọ, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ tiwa. Ìgò, ike àti dígí tí a ń jù sómi, ṣé Yemọja ló ń jẹ ẹ́ ni? Òdòdó àti oúnjẹ yóò jẹrà. Ike kì yóò jẹrà. Ẹni tó ń ba omi jẹ́ kò lẹ́nu láti bá ìjọba sọ̀rọ̀ omi.

Kí ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan tó mọ̀wé, kí wọ́n kọ ibi tí a ń lò àti àkókò tí a ń lò ó sílẹ̀. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó pè wá. Bí wọn kò bá sì pè wá, kí a mú un lọ bá wọn. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Odò ìyá! Àṣẹ.