Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Orin Ráàpù Táwọn Ọmọ Wa Ń Gbọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Kàdúná, Jos àti gbogbo Òkè Ọya, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí ọmọ bá ti tan orin ráàpù báyìí, a ó pariwo pé, "Pa nǹkan yẹn!" Orin ọmọ ìta la máa ń pè é. A ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ìsọkúsọ pọ̀ nínú àwọn kan, àwọn mìíràn sì ń yin ọmọ Yahoo. Ìyẹn ò dáa rárá.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí orin yìí ti ṣẹ̀? Ní August 11, 1973, ní Bronx, New York, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní DJ Kool Herc ló ta àwo orin níbi àríyá tí Cindy, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ṣe láti fi wá owó aṣọ ilé ìwé. Jàmáíkà ni wọ́n ti bí Herc. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó dé Amẹ́ríkà. Ará àjò bíi tiwa ni. Nígbà náà, ilé ń jóná ní Bronx, iṣẹ́ ò sí, ìjọba ò sì bojú wẹ̀yìn wò wọ́n. Àwo orin àti máíkì làwọn ọmọ ibẹ̀ fi sọ tẹnu wọn.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, òyìnbó ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ fi ń ṣe é. Lord of Ajasa wà lára àwọn tó fi Yorùbá ṣe é. Dagrin gbé àwo C.E.O. jáde ní 2009, kó tó kú ní April 2010 lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀. Olamide, ọmọ Bàríga, wá tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ́tí sí wọn dáadáa: òwe wà níbẹ̀, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀fẹ̀ wà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá tàbí rárà rí ò ní pe gbogbo rẹ̀ lájèjì.

Ibi tọ́rọ̀ ti kàn wá gan-an rèé. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín, Hausa ni wọ́n ń sọ níta, òyìnbó nílé ìwé. Ẹ bá wọn sọ Yorùbá nílé, òyìnbó ni wọ́n á fi dáhùn. Ọmọ yìí kan náà ló máa kọ orin Olamide láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní ṣì í! Yorùbá tó fi ìfẹ́ ara rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí a bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí la fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀?

Èrò tiwa ni pé ká jókòó tì wọ́n. Ẹ bi ọmọ pé, "Kí nìtumọ̀ òwe tó pa yẹn?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún un. Èyí tó bá jẹ́ ìsọkúsọ, ẹ jẹ́ kó mọ ìdí tí a kì í fi í sọ ọ́ lójú àgbà. Ìyẹn gan-an lẹ̀kọ́ ilé. Bí èdè wa bá kú sájò, kì í ṣe olórin ni wọ́n máa bi, àwa òbí ni.

Kí lẹ rí sí i? Ẹ sọ tiyín.