Hánà Kì í Ṣe Orúkọ Àgàn

Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ènìyàn. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá mìíràn ṣe ń fà sẹ́yìn bí a bá dá orúkọ náà Hánà lábàá fún ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ó gbà pé orúkọ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó jẹ́ ẹ nínú Ìwé Mímọ́ pẹ́ kí ó tó gbé ọmọ pọ̀n. Ó sọkún títí kò fi lè jẹun, orogún rẹ̀ sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà lọ́dọọdún. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ọmọ tirẹ̀? Ẹ̀rù náà kò ṣòro láti lóye, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà rárá. Ẹni tí ó bá yẹ ìtumọ̀ orúkọ náà wò, tí ó sì tún ìtàn náà kà pẹ̀lú sùúrù, yóò rí i pé òdìkejì ohun tí ìyá náà ń bẹ̀rù ni Hánà ń sọ.

Lẹ́tà mẹ́ta péré ni àwọn Hébérù fi ń kọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni oore-ọ̀fẹ́, tàbí ojúrere, irú èyí tí ẹni gíga ń ṣe fún ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi san án padà. Láti inú gbòǹgbò kan náà ni Jòhánù ti wá, tí í ṣe pé Olúwa ṣe oore-ọ̀fẹ́. Àti Hananáyà, orúkọ tí Ṣádírákì ń jẹ́ ní ilé bàbá rẹ̀ kí àwọn ará Bábílónì tó yí i padà. Àwọn ará Kátéjì pàápàá, tí èdè wọn bá èdè Hébérù tan, ní irú rẹ̀: Hannibal, ọ̀gágun tí ó kó jìnnìjìnnì bá àwọn ará Róòmù, oore-ọ̀fẹ́ Báálì ni orúkọ tirẹ̀ túmọ̀ sí. Àwọn òbí Yorùbá tí ó ń sọ ọmọ ní Oreolúwa kò jìnnà sí ibi tí Hánà wà.

Wàyí o, nígbà wo ni obìnrin yìí gba orúkọ náà? Kì í ṣe ọjọ́ tí ó bí Sámúẹ́lì. Orúkọ tí a fi ń pè é tẹ́lẹ̀ ni, nígbà tí ó wà ní ilé Ẹlikánà ní ilẹ̀ òkè Éfúráímù, tí Pẹnínà ní ọmọ tí òun kò sì ní. Ọdọọdún ni gbogbo agbo ilé náà ń gòkè lọ sí Ṣílò láti rúbọ, ọdọọdún náà sì ni Pẹnínà ń mú un bínú. Ẹlikánà bi í léèrè bí òun kò bá sàn fún un ju ọmọkùnrin mẹ́wàá lọ. Ọkọ rere ni, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í nu omijé ẹnikẹ́ni nù. Élì àlùfáà tilẹ̀ rí i tí ètè rẹ̀ ń mì tí a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rò pé ọtí ni ó ń pa á. Ní gbogbo àkókò wọ̀nyí, Oore-ọ̀fẹ́ ni ó ń jẹ́. Orogún kò lè bọ́ orúkọ náà kúrò lára rẹ̀, àṣìṣe àlùfáà kò sì bà á jẹ́. Ọmọ kọ́ ni ó sọ ọ́ di Hánà.

Bí ó bá sì jẹ́ pé orúkọ nìkan ni ó ń ro ènìyàn, kí ni a ó ti wí nípa Pẹnínà? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé iyùn ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, ohun ọ̀ṣọ́ tí kò sí ọba Yorùbá tí kò mọ iye rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń rántí ohun iyebíye kan tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Hánà ní tirẹ̀ bí Sámúẹ́lì, ó sì tún bí ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin méjì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ó ń pe orúkọ náà ní orúkọ àgàn kò ka ìtàn náà dé ìparí orí kejì.

Ohun kan wà lábẹ́ ẹ̀rù yìí tí ó yẹ kí a tú síta. Ní ilé púpọ̀, obìnrin nìkan ni à ń tọ́ka sí bí ọmọ kò bá tètè dé, a sì ti sọ Hánà di àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹ̀bi ọkọ kò sí nínú ìtàn Ẹlikánà, nítorí ó ní ọmọ lọ́dọ̀ Pẹnínà; ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àtọ̀ ọkùnrin lè má pọ̀ tó, ó sì lè má lágbára. Àrùn tí a kó nípa ìbálòpọ̀ tí a kò sì tọ́jú lè dí ọ̀nà ọmọ nínú obìnrin. Ní ọdún 2023 Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àgbàlagbà mẹ́fà, ó tó ẹnì kan tí yóò rí ìṣòro àìtètè rọ́mọ bí ní ìgbà kan láyé rẹ̀. Ọkọ àti aya tí ó bá ti ń retí ọmọ fún ọdún kan láìrí i, kí àwọn méjèèjì jùmọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ọkọ jókòó sílé kí ó rán ìyàwó nìkan lọ, ìwà òmùgọ̀ ni.

Àwọn Júù tí ó ni orúkọ náà kò fi ìgbà kan rí i bí orúkọ ìbànújẹ́. Ìtàn Hánà ni wọ́n ń kà nínú sínágọ́gù ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun wọn, àwọn ọlọ́gbọ́n inú Tálímúdì sì ti ara rẹ̀ kọ́ bí ó ti yẹ kí ènìyàn gbàdúrà: kí ètè mì, kí ohùn má lọ sókè. Ètè kan náà tí Élì fi pè é ní ọ̀mùtí ni ó di òfin àdúrà. Wọ́n kà á mọ́ àwọn wòlíì obìnrin méje. Nígbà tí wọ́n sì ń wá orúkọ fún ìyá àwọn ọmọkùnrin méje tí a pa nítorí ìgbàgbọ́ wọn ní ìgbà àwọn Mákábì, Hánà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ ọ́.

Àwọn Gíríìkì kò kọ H orúkọ náà sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di Ánà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí i nínú Ìhìn Rere Lúùkù, lára opó arúgbó tí kì í kúrò nínú tẹ́ḿpìlì. Ìwé àtijọ́ kan tí kò sí nínú Bíbélì ní Ánà ni ìyá Màríà, láti ibẹ̀ ni orúkọ náà sì ti kún gbogbo Yúróòpù: Anne, Annie, Ana. Ana ni àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti Bràsíl. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ka Bíbélì ní èdè tiwọn, wọ́n padà sí Hánà gan-an, wọ́n sì gbé e kọjá lọ sí Amẹ́ríkà. Orúkọ a máa lọ, a sì máa bọ̀ bí aṣọ: ó di orúkọ àwọn ìyá àgbà níbẹ̀, ó sì tún sọjí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà ní ipò kejì láàrin orúkọ àwọn ọmọbìnrin tí a bí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, 1999 àti 2000. Níhìn-ín ó dára kí a di H náà mú ṣinṣin, nítorí ẹnu tí ó bá gbé e mì yóò sún mọ́ àna àti àná jù.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ìdí tirẹ̀ láti fẹ́ràn orúkọ náà. Hannah Kilham, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ṣiṣẹ́ láàrin àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ní Sàró, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1828 tí ó kó ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n èdè Áfíríkà jọ, èdè àwọn Àkú, èyíinì ni àwọn Yorùbá ibẹ̀, sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n Hánà tí ó ju ti gbogbo wọn lọ ni Àfàlá, ará Òṣogùn. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, a sì já Àjàyí ọmọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, a tà á lẹ́rú. Hánà ti inú Bíbélì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ lọ sí Ṣílò, ó sì ń dá ẹ̀wù kékeré fún un lọ́dọọdún. Àfàlá kò mọ ibi tí tirẹ̀ wọlẹ̀ sí, òun pàápàá sì jẹ nínú ìyà oko ẹrú. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó pàdé ní Abẹ́òkúta, ọmọ náà sì ti di àlùfáà Ìjọ, orúkọ rẹ̀ sì ti di Sámúẹ́lì láti ìgbà tí a ti tẹ̀ ẹ́ bọmi ní Sàró ní ọdún 1825.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 ni Àfàlá gba ìtẹ̀bọmi ní Abẹ́òkúta, láti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kan náà. Ní Rámà, ìyá ni ó sọ ọmọ ní Sámúẹ́lì. Ní Abẹ́òkúta, Sámúẹ́lì ni ó sọ ìyá ní Hánà. Hánà ni ó ń jẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 1883, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí odindi Bíbélì Yorùbá jáde.