Omi Kò Lọ́tàá, Ṣùgbọ́n Àkọsílẹ̀ Èké Ń Pani

Walkerton jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Ní ọdún 2000, àwọn olùgbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 4,800 lọ, kànga mẹ́ta ni ó sì ń pèsè omi ẹ̀rọ fún wọn. Owó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ wà, òfin sì wà. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún náà, omi pa ènìyàn méje, ó sì dá àwọn tí ó lé ní 2,300 dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹni tí ó bá rò pé òṣì nìkan ni ó ń sọ omi di májèlé, kí ó fara balẹ̀ ka ìtàn yìí.

Òjò ńlá rọ̀ láàárín ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 12. Ó gbé ìgbẹ́ màlúù láti oko kan wọ inú ilẹ̀, títí tí ó fi dé inú kànga kan tí kò jìn. (Ìgbìmọ̀ ìwádìí kò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó ni màlúù.) Kòkòrò àrùn E. coli O157 bá ìgbẹ́ náà wọlé. Chlorine ni a fi ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, ìlànà ìjọba sì ni pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, èyí tí ó ṣẹ́kù nínú lítà omi kan kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì mílígíráàmù, èyíinì ni 0.5. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́.

Àwọn alábòójútó omi kò wọ̀n ọ́n. Fún ọdún púpọ̀ ni wọ́n ń jókòó kọ 0.5 tàbí 0.75 sínú ìwé, bí ẹni tí ó wọn nǹkan kan. Wọn a bu omi níbi kan, wọn a sì kọ orúkọ ibòmíràn sí ara ìgò. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ará ìlú. Àwọn gan-an ń mu omi kànga náà láìsí chlorine, wọ́n ní ó mọ́. Ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fún wọn, iye ọdún tí wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi gbà á, wọn kò ṣe ìdánwò.

Ní ọjọ́ 17, èsì àyẹ̀wò dé ọwọ́ ọ̀gá wọn pé kòkòrò wà nínú omi. Ó dákẹ́. Ní ọjọ́ 19, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bi í léèrè, nítorí àwọn ọmọdé ti ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ó ní omi dára. Òṣìṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀ ni ó tẹ àwọn aláṣẹ láago ní ọjọ́ 20, láìdárúkọ ara rẹ̀. Ọjọ́ 21 ni dókítà àgbà agbègbè náà kéde pé kí gbogbo ilé máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Adájọ́ Dennis O'Connor, tí ó darí ìwádìí náà, ṣírò pé bí a bá ti ṣe ìkéde náà ní ọjọ́ 19, nǹkan bí 300 sí 400 ènìyàn kì bá tí ṣàìsàn. Ọjọ́ méjì péré!

Ìjọba pẹ̀lú kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1996 ni ó gbé àyẹ̀wò omi ìlú kúrò ní ilé àyẹ̀wò tirẹ̀, tí iṣẹ́ náà fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni, láìṣe òfin tí yóò mú kí wọ́n fi èsì búburú tó dókítà agbègbè létí. Ní 1998, àwọn olùbẹ̀wò rí àléébù lára omi Walkerton, wọn kò sì pàṣẹ kankan. Ní 2002 ni Ontario tó ṣe òfin omi tuntun; ní 2004, ilé ẹjọ́ rán ọ̀gá náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, ó sì sé àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, mọ́lé fún oṣù mẹ́sàn-án.

Ìlànà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí omi mímu kò fàyè gba E. coli rárá, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sí nínú 100 mílílítà. Omi inú ọ̀rá náà gbọdọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára ọ̀rá, bí ẹnikẹ́ni kò bá yẹ omi inú rẹ̀ wò, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti 0.5 ti Walkerton.

Àwọn Mùsùlùmí a máa gbẹ́ kànga ṣe sàdáká, èyí sì dára púpọ̀. Amánà ni kànga náà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ dé ìdí kànga mọ́sálásí àdúgbò wọn, kí wọ́n wo bí ṣáláńgá ṣe jìnnà sí i tó, kí wọ́n sì béèrè ọjọ́ tí a yẹ omi rẹ̀ wò kẹ́yìn, ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, àti ibi tí ìwé èsì rẹ̀ wà.