ÌLERA ILÉ WA: Ẹ Má Fi Iṣẹ́ Àtijọ́ Pamọ́ fún Dókítà

Ní àsìkò báyìí, bí ẹnìkan bá ní àyà ń dun òun, ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ni pé òtútù ló mú un, kí ó fi Aboniki para, kí ó mu tíì gbígbóná, kí ó sùn. Àwa náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà dídùn kan wà tí apá Aboniki kò ká, òun la fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí kò kàn wà níhòòhò nínú àyà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó, irú awọ bẹ́ẹ̀ sì tún wà lára egungun ìhà wa nínú lọ́hùn-ún. Omi díẹ̀ ló wà láàárín awọ méjèèjì, tí wọ́n fi ń yọ̀ lára wọn bí a ti ń mí. Bí awọ yìí bá wú, wọn á máa ha ara wọn. Tí ènìyàn bá mí kanlẹ̀, tó wúkọ́ tàbí tó sín, á dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà mìíràn omi á kún ibẹ̀ títí ẹ̀dọ̀fóró kò fi ní ráyè fẹ̀ mọ́. Ìrora lè dín kù nígbà náà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ilé lásán á ti máa dá ènìyàn dúró. Dókítà lè fi abẹ́rẹ́ fa omi náà láàárín egungun ìhà, ara á sì fúyẹ́, àmọ́ ibi tí omi ti wá ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó ń fà á pọ̀. Òtútù àyà wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró wà níbẹ̀, ìyẹn sì lè pa ènìyàn kíákíá. Bí ìrora bá dé lójijì tí èémí kò já gaara, 999 ni kí ẹ pè, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ pe pásítọ̀ tàbí ààfáà. Ikọ́ ife náà wà níbẹ̀, kí ojú má sì tì wá láti sọ ọ́: ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ní Ìlú Ọba yìí, fún ẹni tó ní ìwé àti ẹni tí kò ní.

Èyí tó ń jẹ wá lọ́kàn jù ni asbestos. Nílé, àjà àti òrùlé la mọ̀ ọ́n sí. Níhìn-ín, wọ́n tún fi wé páìpù omi gbígbóná ní ilé ẹ̀kọ́, ọsibítù àti ilé iṣẹ́. Bí a bá fọ́ ọ tàbí gbẹ́ ẹ, ekuru rẹ̀ tí ojú kò rí á wọ inú àyà lọ, á lọ jókòó sí ìdí awọ yẹn. Ọdún 20, 30, nígbà mìíràn ó ju 40 lọ, kò ní sọ nǹkan kan. Fún àwọn kan, àpá líle lásán ló máa dá sára awọ, tí kì í sábà yọ wọ́n lẹ́nu, tí kì í sì í di jẹjẹrẹ. Fún àwọn mìíràn, jẹjẹrẹ awọ náà gan-an ni, tí wọ́n ń pè ní mesothelioma. Ó ń pa ju 2,000 ènìyàn lọ lọ́dọọdún ní ilẹ̀ yìí. Oògùn tó ń fa ẹ̀mí gùn díẹ̀ wà, èyí tó ń wò ó sàn pátápátá ni kò tíì sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Barking, ìtàn yìí ò jìnnà sí yín. Ilé iṣẹ́ Cape lo asbestos níbẹ̀ láti 1913 títí di 1968. Ní 1965, Muriel Newhouse àti Hilda Thompson gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 76 tó ní jẹjẹrẹ yìí, láti inú ìwé ọsibítù kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn 9 nínú wọn kò fọwọ́ kan iṣẹ́ asbestos rí, ará ilé wọn ló ń ṣe é. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni ìyàwó tó ń fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn 11 mìíràn, wọn ò ṣe ju pé ilé wọn kò tó ìdajì máìlì sí ilé iṣẹ́ asbestos. Obìnrin tó gbọn aṣọ ọkọ rẹ̀ kó tó kó o sómi, kí ló fi ṣe?

Ibi tó ti kan àwa nìyí. Nígbà tí a dé ilẹ̀ yìí, iṣẹ́ tí a rí la ṣe. Ẹni tó jẹ́ tíṣà nílé gba ìgbálẹ̀, ẹni tó ń kàwé lọ́sàn-án ń fọ́ ògiri lóru fún agbaṣẹ́ṣe. A kò kọ ọ́ sílé, àwọn ọmọ wa pàápàá kò mọ̀. Tí dókítà bá wá béèrè iṣẹ́ wa, èyí tó níyì là ń dárúkọ: oníṣirò owó ni wá. Dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì máa wá ìdí àìsàn náà káàkiri. Àwọn kan á ní, "Orúkọ ẹlòmíràn ni mo fi ṣiṣẹ́ nígbà náà." A gbọ́. Ẹ bá lọ́yà sọ ìyẹn kí ẹ tó béèrè owó kankan, ṣùgbọ́n ẹ sọ iṣẹ́ náà fún dókítà, torí ẹ̀dọ̀fóró yín ló fa ekuru, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú bírò, ẹ jókòó ti bàbá àti ìyá yín. Ọdún wo, àdúgbò wo, ta ni ọ̀gá, ta ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́? HMRC náà lè fún wọn ní àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé mesothelioma ló ń ṣe é, ọdún 3 láti ọjọ́ tó mọ̀ ni òfin sábà máa ń fún un láti pe ẹjọ́. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ti kógbá sílé, tí wọn ò sì rí ilé iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀, ètò ìjọba ti 2014 wà. Ti 2008 wà fún irú ìyàwó tó fọ aṣọ yẹn, ṣùgbọ́n láàárín oṣù 12 tí dókítà ti sọ ọ́ ni kí ó béèrè.

Ní 1985 ni ìjọba fòfin de asbestos búlúù àti ti aláwọ̀ ilẹ̀, ó di 1999 kó tó kan funfun. Èyí tó ti wà lára ilé kò tìtorí ìyẹn kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ ṣáájú 2000 ṣe báyìí, kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ ní kí ọ̀gá yín fi ìwé àkọsílẹ̀ asbestos ilé náà hàn yín.